Bí A Ṣe Jẹ Ẹ̀rí Tán Kí A Tó Kọ Ìwé

Òótọ́ tí mo gbé mì láti ọjọ́ yìí ló padà gòkè wá, ó há mi lọ́fun, ó sì fẹ́ pa mí. Ẹ má rò pé òwe ni mo ń pa. Ó há mi lọ́fun lóòótọ́, níwájú àwo oúnjẹ àárọ̀, ní Puebla, lójú gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń bẹ̀rù ẹnu mi. Nítorí náà, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀. Àwọn olóòtú ìwé àtìgbàdégbà ní ààbọ̀ ojú ewé ni àwọn lè fún mi láti fi ṣe àtúnṣe, wọ́n ní kí n má ro ìtàn sí i. Mo ti fún wọn ní ààbọ̀ ojú ewé wọn. Ìtàn tó ṣẹ́ kù rèé, ẹ̀yin ni mo bù ú fún.

Refugio Olvera ni orúkọ mi. Doña Cuca ni gbogbo ìlú wa, Querétaro, ń pè mí, àti ẹni tó fẹ́ràn mi, àti ẹni tó ń fi mí ṣépè. N kò lọ sí yunifásítì. Ìgò ni mo ń fọ̀ ní láàbù Dókítà Anselmo Barragán nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ohun tí mo mọ̀, èmi ni mo fi ìwé àlòkù kọ́ ara mi, mo sì fi ìbínú kún un, nítorí ẹnì kan sọ lójú mi pé kò lè yé mi láéláé. Ó yé mi. Mo wá fi òye náà yangàn títí ojú fi ń ti àwọn ọmọ tí mo bí.

Iṣẹ́ wa kò le tó bí àwọn kan ṣe ń ṣe é bí awo. Ẹ mú tortilla kan, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí sí i lára. Omi inú rẹ̀ á mu ìpín tirẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, sítáàṣì àgbàdo á mu tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi ìlà bí òkè àti àfonífojì ya ohun tí kálukú mu. Bí tortilla náà ṣe ń pẹ́ sí i tó ń gan, ẹ tún yà á, ẹ tún yà á. Ẹ wá to àwọn ìlà wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ẹ kó wọn fún kọ̀ǹpútà, òun á fi wọ́n ya àwòrán méjì tó dà bí àwòrán ilẹ̀. Àwòrán kìíní ń sọ àwọn òkè tó jọ ń rìn pọ̀. Àwòrán kejì ń sọ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba. Àmì àròpọ̀ tàbí àmì àyọkúrò wà lórí òkè kọ̀ọ̀kan. Bí àmì inú àwòrán méjèèjì bá bára mu, nínú méjì tí ẹ ń fi wéra, èyí tí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ló kọ́kọ́ yí padà. Bí wọ́n bá takora, ìkejì ló ṣáájú. Òfin náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òfin tí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé di ẹlẹ́yà. Àwọn kan á sáré ka àwòrán kejì láìbojú wo èkíní. Àwọn mìíràn á to ìlà wọn sódì, ti ìkẹyìn síwájú, kọ̀ǹpútà á sì ro ìtàn náà fún wọn láti ẹ̀yìn wá: òkú á jí, á ṣàìsàn, ara rẹ̀ á wá le. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn gbọọrọ lókè. Èmi ni mo máa ń mú wọn. Ìwé tí mo kọ láti fi tún àwọn àṣìkà wọ̀nyí ṣe, kò sí láàbù kan láti Tijuana dé Chiapas tí wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bí mo bá wọ gbọ̀ngàn àpérò, àwọn ọ̀gá á máa fi ọwọ́ bo àwòrán wọn bí ọmọ iléèwé tó ń bo ìṣirò. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èmi ni ọ̀bẹ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n yọ èèkù náà hàn yín.

Dókítà Anselmo fẹ́ mọ èwo ló ń ṣáájú nígbà tí tortilla bá ń gan: ṣé omi ló ń kọ́kọ́ sá lọ ni, àbí sítáàṣì ló ń kọ́kọ́ so mọ́ra tó wá ń ti omi jáde? Ní ti búrẹ́dì, ó pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún wa pé sítáàṣì ló ń ṣáájú. Ní ti tortilla, àwa la fẹ́ kọ́kọ́ fi àwòrán méjì wò ó. Mo ra tortilla, mo dì wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó dàgbà díẹ̀, èyí tó dàgbà jù ú lọ, títí dé èyí tó jẹ́ baba gbogbo wọn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fíríìjì láàbù, ó gan dáadáa. Ẹ̀rọ nìkan la ń dúró dè, ó bàjẹ́, Eulalio tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sì ti wọ abẹ́ rẹ̀ lọ láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ojúbọ Wúńdíá, Ìyá Olúwa, wọ́n ti gbogbo títì pa, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣí.

Eulalio yọ orí jáde. "Doña Cuca, ara ẹ̀rọ yìí ti yá. Èmi ni mo ń kú lọ."

"Kí ló ń pa ọ́?"

"Ebi ni. Ìyàwó mi di ọbẹ̀ ata tútù fún mi, ó di kírímù, ó di wàràkàṣì. Ó gbàgbé tortilla. Ta ló ń fi ṣíbí bu ata mu? Ṣé àìsàn orí ló ń ṣe mí ni?"

"Jáde lọ rà á."

"Níbo? Wúńdíá ló ni títì lónìí."

Mo ṣí fíríìjì láti fi hàn án pé kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi ṣí i. Eulalio na ọrùn bí ẹyẹ.

"Doña, kí nìyẹn?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ló gan báyìí? Ẹ fi èékánná gbá a wò. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Ìyá tó bí mi kò ní tortilla tó gan tó báyìí nílé rí. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sá a fún chilaquiles."

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Ti Dókítà ni."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ pátá ni Dókítà fẹ́ tanná sí?"

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ má tíì ṣe mí ní "háà." Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá da tortilla gígan nù, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í pé ọmọ ta ni. Èyí tó rọ̀, ẹ fi jẹ ẹ̀wà. Èyí tó gan, ẹ gé e, ẹ dín in, ẹ da ọbẹ̀ ata lé e lórí, ẹ bu kírímù sí i, ẹ rún wàràkàṣì lé e. Bó bá ṣe gan tó ni chilaquiles náà á ṣe dùn tó. Èyí tó wà nínú fíríìjì yẹn, ìyá ìyá mi ì bá dìde nínú sàréè kó wá gé e. Mo ní kí a mú ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan péré lòun fẹ́ fi ṣe chilaquiles, ẹ yẹra fún un, òpùrọ́ ni.

Orí sítóòfù tí a fi ń gbé ìgò kaná ni a ti dín in. A jẹ èyí tó dàgbà jù, a jẹ àbúrò rẹ̀, a kàn ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń ka ìdílé. Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Dókítà Anselmo gbé imú wọlé ṣáájú ara rẹ̀.

"Cuquita, kí ló ń ta sánsán báyìí?" Orúkọ ìkẹ́ tó máa ń pè mí nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, àyè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Mo bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ àwo kìíní lórí ìdúró. Ó jókòó jẹ ìkejì, ó ní kí n fi kírímù kún un.

"Èyí dùn ju ti ìyàwó mi lọ. Ẹ má sọ fún un o. Kí ni àṣírí ẹ̀?"

Eulalio fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. "Àṣírí ẹ̀ ni pé tortilla ọ̀hún dàgbà dáadáa, Dókítà."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó na ara. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, àbí? Cuquita, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ rí àwọn àwòrán wa."

Ohun tó fẹ́ rí wà nínú ikùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ó rí i, Dókítà."

Nígbà tí títì ṣí, mo lọ ra tortilla tuntun tó ṣì ń rú èéfín. Mo tò ó sínú ààrò láàbù, mo tan iná kékeré sí i, mo ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbẹ. Èyí tí mo kọ́kọ́ yọ, mo sọ ọ́ di ọmọdé. Èyí tí mo yọ kẹ́yìn, mo fi orúkọ àgbàlagbà pè é. Eulalio dúró, ó ń wò mí.

"Doña, tortilla tó gan àti tortilla tó gbẹ, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

"Pa ẹnu ẹ dé. Ìwọ lo jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀."

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ wọn dà bí ìyàtọ̀ ẹni tó darúgbó sí ẹni tí oòrùn pa. Ààrò ń lé omi jáde kí sítáàṣì tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Torí náà, nígbà tí àwòrán méjèèjì jáde, tí mo fi òfin àmì kà wọ́n, ohun tí wọ́n sọ ni pé omi ló ṣáájú. Àwòrán kò purọ́ o. Ìtàn ààrò ni wọ́n rí, ìtàn ààrò ni wọ́n sọ. Èmi ni mo kọ "fíríìjì" sí i lórí.

Mo rò pé Dókítà á fura. Dókítà bú sí ijó!

"Omi ló ṣáájú! Cuquita, ṣé o mọ ohun tí èyí jẹ́? Ti búrẹ́dì, sítáàṣì. Ti tortilla, omi! Ọdún wo ni wọ́n ti ń sọ fún wa láti òkè òkun pé tortilla kàn jẹ́ búrẹ́dì tí kò wú? Àgbàdo kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àlìkámà!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìwé ìròyìn ìlú wa gbé jáde. Ìwé wa jáde pẹ̀lú, orúkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n ní akọni àgbàdo ni. Èmi náà wọ bàtà tuntun, mo jókòó níwájú, mo pàtẹ́wọ́. Eulalio wà lẹ́yìn mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Chilaquiles wa ti gbàmì-ẹ̀yẹ o." Mo fi ìgúnpá gbún un níhà.

Bó bá mọ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀jẹun ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í dá gbé, ṣe ló máa ń wá ará ilé kún ara.

Ọmọbìnrin kan wà ní Mérida tó ń jẹ́ Nicté Canul. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùwádìí ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì di ti gbére. Òun náà fi àwòrán méjì wo tortilla. Ó fi sùúrù dúró kó gan fúnra rẹ̀, bó ṣe yẹ kí èmi ṣe, kò sì jẹ ẹ́. Ìwé rẹ̀ jáde: sítáàṣì ló ṣáájú. Dókítà jù ú sórí tábìlì mi.

"Ọmọ yìí ní búrẹ́dì ni tortilla! Cuquita, bá mi wá àṣìṣe rẹ̀."

Mo wo àwòrán rẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Ó mọ́ tónítóní. Ó wo èkíní kó tó wo èkejì. Ìtò rẹ̀ tọ̀nà. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn, kí n má purọ́ fún yín mọ́. Bí ọmọ mi ló yà á, ǹ bá ti fi pe àwọn aládùúgbò. Mo ṣáà ń tú u, mo ń tú u, mo rí ibì kan nísàlẹ̀ tábìlì kékeré kan tó ti tẹ àmì àyọkúrò dípò àmì àròpọ̀. Ìka ló yọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè ṣẹlẹ̀ sí. Mo di ihò abẹ́rẹ́ yẹn mú, mo fi fa gbogbo ilé ọmọ ọlọ́mọ wó. Mo kọ̀wé sí àwọn olóòtú pé àmì yìí fi hàn gbangba pé ó to àwọn ìlà rẹ̀ sódì láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe àwọn tí kò tíì dáńgájíá. Mo fi orúkọ mi sí i. Ta ló máa bá Doña Cuca jiyàn lórí àmì?

Ọ̀gá Nicté bẹ̀rù, ó ní kó gbà kó lè ní àlàáfíà. Ọmọ náà tẹ àtúnṣe jáde pé òun to ìlà sódì, pé omi ló ṣáájú. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: ìwé tó tọ̀nà ni mo fipá mú kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìwé tó ń purọ́. Ọmọ náà tún wá kọ̀wé sí mi. "Doña Cuca, ẹ ṣeun tí ẹ là mí lójú. Títí di ìsinsìnyí n kò tíì rí ibi tí mo ti ṣìnà, ṣùgbọ́n mo gba ojú yín gbọ́ ju tèmi lọ."

Ẹni tó ní ẹ̀rí ọkàn á ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Èmi? Mo gbé àwòrán Nicté sára ògiri níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo yí i sódì, mo ní, "Ẹ wo ojú ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo wá ń ṣe é níbi gbogbo tí mo bá lọ. Kò pẹ́ tó di ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ẹnì kan bá ṣi àmì kà ní Monterrey, wọ́n á ní, "O ti ṣe Canul." Bí ọ̀gá bá ń kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ní Xalapa, á ní, "Jọ̀ọ́, má ṣe Canul fún mi." Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni mo sọ di orúkọ àṣìṣe, àṣìṣe tó jẹ́ tèmi. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Tortilla, ebi ló pa mí. Ti orúkọ ọmọ yìí, mo yó bámúbámú nígbà tí mo ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Puebla fún àpérò ọdún. Mo gbọ́ pé Nicté wà níbẹ̀, pé àwọn àgbà méjì láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Wọ́n ní kó dìde lọ́sàn-án, kó ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn bó ṣe ṣubú sínú àṣìṣe. Bí wọ́n bá rí i pé ó ti kọ́gbọ́n, wọ́n lè jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀, ilé ìtura fún wa ní chilaquiles. Kí ni ẹ rò pé wọ́n fẹ́ fún wa? Mo jókòó láàárín èrò, Dókítà wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú kọfí rẹ̀. Mo bu ẹ̀kún ẹnu, mo wá ń bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. "Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé orí pèpéle lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe—"

"Canul" ni mo fẹ́ pè. Ègé tortilla kan tó rí bí èékánná, tí ọbẹ̀ kò tíì mú rọ̀, dìde, ó gbé ara rẹ̀ dábùú ọ̀nà ọ̀fun mi. N kò lè mí. N kò lè sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí. Àwọn ọ̀mọ̀wé dìde yí mi ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Ọ̀kan ní kí wọ́n fún mi lómi, ọ̀kan ní omi á pa mí. Dókítà ń lu ọwọ́ mi pẹ́pẹ́, ó ń pariwo, "Cuquita! Cuquita!" bí ẹni ń pe adìyẹ. Ojú mi ti ń ṣú nígbà tí ẹnì kan já wọn gba àárín, ó gbá mi mú láti ẹ̀yìn, ó di ìkúùkù méjèèjì sí mi níkùn, ó gbé mi sókè gìjà! Ẹ̀ẹ̀kan sí i! Tortilla ọ̀hún fò jáde, ó balẹ̀ sínú kọfí Dókítà.

Mo yíjú padà. Nicté Canul ni.

"Ṣé ẹ ti lè mí, Doña? Ẹ mu omi. Ẹ rọra."

Nígbà tí ohùn mi padà dé, ohun tí mo kọ́kọ́ fi í sọ ni pé, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo ń sọ nípa rẹ ni?"

"Mo gbọ́. Ẹ̀yìn yín gan-an ni mo tò sí, àwo mi wà lọ́wọ́ mi."

"O wá gbà mí?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò yé. "Ẹ ò lè mí, Doña. Àbí ẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àmì ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ré mi lẹ́sẹ̀. Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òdòdó kan, mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti fíríìjì, mo sọ ti Wúńdíá, mo sọ ti ààrò.

"Ẹ jẹ ẹ́?"

"A jẹ ẹ́, ọmọ mi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Dókítà jẹ àwo méjì."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Doña Cuca, mo tún ìdánwò yẹn ṣe títí tí ọkọ mi fi rò pé orí mi ti dà rú. Kò sí tortilla kan nílé wa tí kò ní ọjọ́ orí tí mo kọ sí i. Èsì kan náà ló ń jáde. Mo ní bóyá ojú mi ló ti bàjẹ́. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ojú, Doña! Ó yẹ̀ mí wò, ó ní ojú mi dára ju tòun lọ. Mo sunkún bọ̀ nílé, nítorí pé ojú tó bá dára, a jẹ́ pé orí ni kò pé."

Mo kúnlẹ̀. Eékún mi dún kọ́, mo kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí.

"Ẹ dìde," ó ní. "N kò lè fi ìdáríjì yẹn ṣe ohunkóhun níbí. Ohun tí ẹ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó yìí, ẹ lọ sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀. Ìgbà wo ni ẹnu yín bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo?"

Èmi tí n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀rù bà mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nicté gun pèpéle. Kò ka ohun tí wọ́n ní kó kà. Ó gbé àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ sára ògiri, ó sì kọjú sí mi. Àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. Mo na ọwọ́ sókè.

Alága ní, "Doña Cuca! A ti mọ̀ pé ẹ ò ní dákẹ́. Ìbéèrè ni, àbí àtúnṣe?"

"Àtúnṣe ni. Tèmi ni mo fẹ́ tún ṣe."

Dókítà fà mí láṣọ. "Cuquita, jókòó. Ọ̀fun rẹ kò tíì san."

"Ọ̀fun mi ló ń sọ̀rọ̀, Dókítà." Mo gba gbohùngbohùn. "Àwòrán ọmọ yìí tọ̀nà. Kò to nǹkan kan sódì. Tiwa ló jẹ́ irọ́. Àwọn tortilla tí a kọ sínú ìwé wa pé wọ́n dàgbà nínú fíríìjì, wọn kò dé iwájú ẹ̀rọ rí. A fi wọ́n se chilaquiles, a jẹ wọ́n. Èyí tí ẹ rí nínú ìwé, ààrò ni mo fi gbẹ ẹ́."

Dókítà dìde, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Irọ́ ni! Ta ló máa jẹ ohun ìdánwò? Láàbù mi kì í ṣe búkà!"

"Ẹ jẹ àwo méjì, Dókítà."

"Èmi?"

"Ẹ ní kí n fi kírímù kún un. Ẹ ní ó dùn ju ti ìyàwó yín lọ."

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìjókòó kejì. Dókítà rọra jókòó, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Háà. Èyí tó dùn yẹn."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pátápátá: "Ọbẹ̀ tútù ni àbí pupa?"

"Tútù ni!" Eulalio dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, òun ni wọ́n mú wá láti bójú tó o. "Ìyàwó mi ló lọ̀ ọ́!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn àga ń mì. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo Nicté, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti àwòrán rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Mérida, obìnrin onígíláàsì, dìde. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ṣé ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ wa kọ ló tọ̀nà?"

"Àfi àmì kan ṣoṣo tí ìka rẹ̀ ṣì tẹ̀, ìyá."

"Àtúnṣe tí a ní kó ṣe wá ńkọ́?"

"Àtúnṣe yẹn gan-an ni àṣìṣe rẹ̀, ẹ̀yin àti èmi la sì jọ kó o sí i lọ́rùn."

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Ó yíjú sí pèpéle. "Nicté, máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí a ó tẹ́tí."

Iṣẹ́ ọmọ náà ti di ti gbére báyìí. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ti padà sí ààyè rẹ̀, tiwa ni wọ́n fa ìlà pupa lé. Dókítà ti dá àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ padà, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé kírímù ló ń di ẹ̀bi rù. Ní Xalapa, wọ́n ní bí ẹnì kan bá fi iná ààrò gbẹ nǹkan lónìí tó wá pè é ní àgbà, wọ́n á ní, "O ti ṣe Cuca." Ó tọ́ sí mi. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ yìí bọ̀, ẹ wo àwòrán kìíní kí ẹ tó wo èkejì, ẹ to ìlà yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ sì jẹun yó kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ebi bá sì mú yín jẹ ohun tí kò yẹ kí ẹ jẹ, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bó bá sùn, ó di ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ̀yin tí mo fi Nicté Canul pa lẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu yín, tàbí kí ẹ máa fi pe ohun tó tọ̀nà.

Mo tún kọ̀wé sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í pé ṣé ó ti dárí jì mí. Kò dáhùn ìyẹn. Ó ní òun fẹ́ tún gbogbo ìdánwò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣiyèméjì mọ́, òun sì ń wá ojú kejì tó mọ àmì í kà. Ó ní kí n wọ bọ́ọ̀sì máa bọ̀ ní Mérida, yàrá wà tí mo lè sùn sí.

Nísàlẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Doña, ẹ gbé oúnjẹ yín dání."